Ọkọ́ Onígi Gígùn Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Ẹsẹ̀ mi ni ìyá mi fi ń dá mi mọ̀ nísinsìnyí. Bí mo bá ti Sakété dé àgbàlá rẹ̀ ní Igana, bàtà mi ló máa ń kọ́kọ́ rí. "Oníyẹ̀yẹ́, o tún ti dé?" Kò lè gbójú sókè dé ojú mi mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ìpẹja.

Bẹ́ẹ̀, ìyá yìí kan náà ló kọ́ wa ní ìdúró. Nígbà tó lágbára, á gbé agbọ̀n ẹyìn karí, á rìn dé ọjà Pobẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ọrùn rẹ̀ á gún régé. Èmi tí mo máa ń ká jọ sórí ìwé, igbá omi ló ń gbé lé mi lórí pé kí n rìn yí àgbàlá ká.

"Na ẹ̀yìn, ìwọ alákàn! Bí omi bá kán, iyán rẹ di ti ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sanra gan-an lọ́dún yẹn.

Ọkọ́ ló tẹ ẹ̀yìn ìyá mi. Ọkọ́ wa kúrú; ẹni tó bá ń fi í roko á tẹríba fún ilẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi yìí, tó ti di oníṣòwò ní Sakété, ra ọkọ́ onígi gígùn wá fún un, èyí tí èèyàn lè fi roko lórí ìdúró. Inú ìyá mi dùn. Ó fi ṣá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń mi orí. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi wá sọ níwájú àwọn obìnrin àdúgbò pé:

"Ọkọ́ ọ̀lẹ rèé o! Màmá, ẹ kúkú jókòó, kí koríko fúnra rẹ̀ wá bá yín!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, kò sí èébú tó dun obìnrin oníṣẹ́ oko tó ọ̀lẹ. Ó gbé ọkọ́ náà tì sẹ́yìn ilé ìdáná, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, n ò tíì gbọ́n.

"Màmá, ta lẹ ń kí?"

"Ilẹ̀ ni. Òun kì í fi mí ṣẹ̀sín."

Lọ́dún tó kọjá, tí ìrora ò jẹ́ kó lè jẹun dáadáa mọ́, mo gbé e lọ bá kiné ní Pobẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun. Ó ní kó fẹ̀yìn ti ògiri: gìgísẹ̀, ìdí, èjìká, orí. Orí ìyá mi ò kan ògiri. Ìkúùkù mi méjèèjì á gba àárín rẹ̀. Ó ní kí èmi náà dúró. Tèmi fi díẹ̀ jìnnà. Ó ní kí n máa fa àgbọ̀n sẹ́yìn, kí n má máa tẹ̀ sórí fóònù, kí n máa fẹ̀yìn ti ògiri láràárọ̀.

"Tìrẹ máa tọ́," ó ní.

"Tèmi ńkọ́?" ìyá mi béèrè.

"Màmá, a lè dín ìrora kù, kó má sì tẹ̀ jù báyìí lọ. Ṣùgbọ́n eegun tó ti wó ò ní na mọ́. Irú ọkọ́ wo lẹ ń lò?"

Mo ń retí kí ìyá mi fẹjọ́ mi sùn. Bàtà mi ló ń wò.

"Èyí tí gbogbo èèyàn ń lò," ó ní.

Nígbà tí a délé, mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Irin ọkọ́ náà ti dípẹtà, àmọ́ igi rẹ̀ ṣì le. Mo yọ irin kúrò, mo gbé igi fún un kó fi ṣe ọ̀pá. Ó fọwọ́ pa á lára.

"Ọkọ́ ọ̀lẹ," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó sínú erùpẹ̀ níwájú rẹ̀, kó lè rí ojú mi. Ó wò mí títí.

"Na ẹ̀yìn," ó ní.