Irin Ọkọ̀ Olóògbé Lábẹ́ Ọkọ̀ Mi

N kì í mutí, orí mi sì pé. Mo kàwé jáde ní yunifásítì, mo mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ojú rí àti ohun tí ẹ̀rù dá sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán gangan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìyá mi, ẹnì kan ló sì fà á.

Mẹ́káníìkì mi ni, níbí ní Ọ̀fà. Ọ̀gá Múftàú là ń pè é.

Kíndìnrín ìyá mi kò ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń gbé e lọ sí Ìlọrin kí wọ́n bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Tó bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, ara rẹ̀ á wú, kò ní lè mí dáadáa.

Ọkọ̀ mi ti gbó. Iwájú rẹ̀ ń gbọ̀n, tó bá kó sí kòtò, á dún gbàù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún Ọ̀gá Múftàú: bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì méjèèjì, táì rọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì iwájú. Tuntun ni mo kọ. Mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin alákọ̀wé yìí! Ṣé kí n tún ọkọ̀ ṣe ni àbí kí n ṣèdánwò?"

Nígbà tí mo lọ gbé ọkọ̀, mo ní kó kó ògbólógbòó irin tó tú wá kí n fojú rí i, bí a ti máa ń ṣe. Ó kó wọn wá. Mi ò béèrè páálí tí tuntun wà nínú rẹ̀. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, ọkọ̀ ń lọ geere. Ìyá mi wà lẹ́yìn, níbi tó ti lè na ẹsẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà níwájú. Ẹ gbà mí gbọ́, èmi nìkan.

Bí a ṣe ń sún mọ́ Ìjàgbó, sítíárìn gbóná lọ́wọ́ mi. Ó wá ń yí sápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹlòmíràn ń gbà á lọ́wọ́ mi. Mo tẹ bíréèkì. A dúró létí kọ́fátì, afárá kékeré kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wó.

Ìyá mi ò pariwo. Wẹ́lẹ́ ló sọ̀rọ̀.

"Ta ni bàbá tó jókòó tì ẹ́ yìí?"

Mo wo àga ẹ̀gbẹ́ mi. Kò sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì àga náà wà ní dídè, ó fún, bí ẹni pé ó gba àyà ẹnì kan kọjá.

"Ẹ̀ẹ́n?" Kì í ṣe èmi ni ìyá mi ń bá sọ̀rọ̀. "Ọ̀fà ni ilé yín? Ó dáa, sà. A ó gbé yín délé."

"Màámi, ẹ má dáhùn!"

Ó ti dáhùn.

Ọkọ̀ kọ̀, kò lọ síwájú mọ́. Ìgbà tí mo dorí rẹ̀ kọ Ọ̀fà ló tó gbéra. Bí wọn ò ṣe fọ ẹ̀jẹ̀ ìyá mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Múftàú ni mo gbà lọ tààrà, mo bi í pé irin ta ló fi sí ọkọ̀ mi. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n fi tapólì bò.

"Ẹ dákun, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ara èyí ni mo ti tú irin tí mo fi sí ọkọ̀ yín. Kọ́fátì Ìjàgbó ni Alhaji tó ni ín kú sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ká má fọwọ́ kàn án títí wọ́n á fi ṣàdúrà ogójì ọjọ́."

"Ọjọ́ mélòó ló kù nígbà tí ẹ tú u?"

"Mẹ́rin."

Ọjọ́ mẹ́rin péré! Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí n gbé ìyá mi sínú rẹ̀.

Lójú mi ló yọ gbogbo rẹ̀, ó fi tuntun sí i. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ya páálí. Wọ́n ṣàdúrà Alhaji, mo bá wọn ṣe àmín. Mo wakọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn iwájú sílẹ̀.

"Kò sọ̀," ni ìyá mi wí. "Ó ní kì í ṣe ilé òun nìyí mọ́."

Mo ní ká wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin. Ìyá mi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Mo ti ṣèlérí fún un. Ṣé kí n fi àgbàlagbà sílẹ̀ sínú oòrùn ni?"

Ìṣẹ́gun méjì ti kọjá. Ojú rẹ̀ ti wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọ bàtà mọ́. Inú ọkọ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀. Lónìí, mo gbọ́ tó ń bi í pé ṣé àyè ẹnì kejì wà níbi tó ń lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gbé ọkọ̀ lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ni irin náà kí ẹ tó wakọ̀ lọ. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn yín bá sì bi yín pé ta ló jókòó tì yín, ẹ yáa fọwọ́ bò ó lẹ́nu.