Iṣu Tí Ìyá Mi Kò Béèrè

Ọjọ́ tí dókítà sọ fún wa pé ìyá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, àyà mi já débi pé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ̀ mí létí. Ó ní kí wọ́n dín iṣu kù. Èmi gbọ́ pé kí wọ́n má fẹnu kàn án mọ́. Bí mo ṣe délé wa ní Kétu, mo kó gbogbo iṣu tó wà ní kíṣìnnì fún aládùúgbò wa, mo sì ra ìyẹ̀fun wíìtì jọ bíi pé ogun ń bọ̀.

Iṣu ni ìyá mi fi tọ́ mi. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń dáko kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí mo fi bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi wá sí Èkó. Ẹni tó máa wo èèpo iṣu lásán, tó máa sọ irú ilẹ̀ tó ti hù fún ẹ, ni mo ń ro wíìtì fún láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò.

"Níbo ni wọ́n ti gbin èyí?"

"Màmá, inú ọ̀rá ni mo ti rà á o."

"Inú ọ̀rá kì í ṣe oko." Wọ́n jẹ òkèlè méjì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn ti yó.

Mo gbà pé wọ́n yó lóòótọ́. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ilé ọkọ mi la wà. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ìyá mi dàgbà, ìyá ìyàwó kì í yan oúnjẹ nílé àna, kì í sì í sọ pé ebi ń pa òun. Ohun tí wọ́n bá gbé fún un, á tọ́ ọ wò, á dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá mi fi dúpẹ́ báyẹn, tí èmi ń yin ara mi níbi iṣẹ́ pé mo mọ ìyá tọ́jú. Òmùgọ̀ ni mí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, wọ́n lo oògùn wọn, wọ́n ní kí n má ṣe wàhálà oúnjẹ. Kò pẹ́ tí mo bá wọn lórí àga, tí òógùn bò wọ́n, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú pè mí. Ọkọ mi pọ̀n wọ́n dé inú mọ́tò, ó di ọsibítù. Ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀ jù, torí inú òfìfo ni wọ́n fi ń lo oògùn. Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi: "Kí lẹ ń fún Màmá jẹ gan-an?"

Kí n tó lanu, ìyá mi dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ọmọ mi ń tọ́jú mi dáadáa. Oúnjẹ ni kò wù mí jẹ."

Ojú tì mí. Mo jáde lọ síbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, mo sunkún. Nígbà tí mo padà wọlé, dókítà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, mo sì gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí: wọ́n lè jẹ iṣu díẹ̀, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú lọ, kí wọ́n má sì lo oògùn láìjẹun.

Ọkọ mi ò bá mi jà. Nígbà tí ara wọn yá, ó kàn sọ pé, "Màmá, mo fẹ́ ra iṣu ní Mile 12, mi ò sì mọ èyí tó dáa. Ẹ bá mi lọ." Ìyá mi ní orúnkún ń dun àwọn, àmọ́ wọ́n ti ń wá bàtà. Lọ́jà, wọ́n tẹ iṣu, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní ajílẹ̀ òyìnbó ti pọ̀ jù lára àwọn ńlá yẹn, wọn ò ní pẹ́ jẹrà. Ọlọ́jà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ba ọjà òun jẹ́. Wọ́n mú kékeré kan tó le. Nígbà tó kan ẹ̀fọ́, wọ́n bi ẹni tó ń tà á pé omi wo ni wọ́n bù rin ín. Ó ní omi ni omi ń jẹ́, a bá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ọkọ mi ló se é. Ó bu ègé iṣu fún wọn, méjì péré, ẹ̀fọ́ bò ó mọ́lẹ̀, ó sì bu tiẹ̀ jókòó tì wọ́n. Nígbà tí iṣu tán, ìyá mi wo àwo, wọ́n wo ojú ọkọ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọkọ mi, fi kún un fún mi."

Èmi ni mo sáré sọ pé rárá, ó ti tó.

Wọ́n pòṣé sí mi. "Ahun ni ẹ́. Ebi ṣì ń pa mí."

Inú mi dùn. Mo gbé ìkòkò ẹ̀fọ́ wá, mo sì bu ú fún wọn títí àwo fi kún.