Gbé E, Tìẹ Ni

Ọkọ mi, Wattie Gourlay, kì í fún ènìyàn ní bọ́ọ̀lù. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe ahun. Ẹja tó ń yan nílé ìyanja rẹ̀ létí òkun, àwọn opó ìlú Pitcarrow ń jẹ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a dé orí pápá gọ́ọ̀fù, tí bọ́ọ̀lù yín sún mọ́ ihò débi pé ológbò lè fi ìrù gbá a wọlé, Wattie á kàn dákẹ́, á máa wò yín. Ẹ gbọ́dọ̀ gbá a. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún pásítọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí pásítọ̀ fẹ́ so wá pọ̀ gan-an, pásítọ̀ sì gbá a tàsé. Ojú tí ọkùnrin Ọlọ́run náà fi wò mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rò pé èmi ni mo ti bọ́ọ̀lù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí a ṣe ń gbá a nílùú wa nìyí: ẹni méjì ló ń kojú ara wọn. A kì í ro gbogbo ìgbá tí èèyàn gbá pọ̀ mọ́ra wọn. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ní ogun tirẹ̀, ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré kó tó wọlé ló ni ihò yẹn. Bí ẹnì kan gbá mẹ́rin tí ẹnìkejì gbá mẹ́wàá, ihò kan ṣoṣo náà ló jẹ, wọ́n á kọjá sí òmíràn. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, ó ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé àṣìṣe. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú rẹ̀ tí kì í gbàgbé. Bí bọ́ọ̀lù ẹnìkejì yín bá ti sún mọ́ ihò, ẹ lè sọ fún un pé, "Gbé e, tìẹ ni," a ó sì kà á sí pé ó ti wọlé. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ ò lè kó o jẹ. Òun náà ò lè ní òun ò gbà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Eck Dunsire ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi. Òun àti Wattie jọ dàgbà ni, wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ apẹja kan náà, kí n tó di ìyàwó sì ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Eck mọ̀ ọ́n gbá ju Wattie lọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù wọlé, tí Wattie dákẹ́ tó ń wò ó, ọkàn rẹ̀ á domi. A ti kọ orúkọ Wattie sára ife ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa, tí à ń kọ orúkọ olúborí ọdọọdún sí, láìmọye ìgbà. Ti Eck ò sí níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀tún Eck bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. A kọ́kọ́ rò pé ọtí ni, mo tiẹ̀ bá a jà sí i. Dókítà ní kì í ṣe ọtí, inú ọpọlọ ló ti ń wá, kò sì ní lọ, ńṣe ni yóò máa le sí i. Eck wá sílé wa lọ́jọ́ náà, ó fi ọwọ́ náà sábẹ́ itan, ó jókòó lé e.

"Àna," ó pe Wattie, "ọdún yìí ni mo máa nà ọ́."

"O ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí ẹ."

"Mi ò bá ẹ ṣeré. Tó bá di àmọ́dún, mi ò ní lè di igi gọ́ọ̀fù mú mọ́. Mo fẹ́ gbá èyí tó máa parí ẹ̀ wọlé lójú ẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Wá gbà á nígbà náà. Mi ò ní fún ẹ."

"Ta ló ní kó o fún mi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀, mo lọ gbé omi tíì kaná.

Nígbà tí ìdíje ife ọdún náà dé òpin, àwọn méjèèjì náà ló kù. Gbogbo ìlú ló tẹ̀ lé wọn nínú atẹ́gùn òkun, èmi náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ Eck ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, á mí kanlẹ̀, ọwọ́ á sì rọlẹ̀ díẹ̀, ìyẹn sì ń tó o. Wattie ò ṣàánú rẹ̀ rárá, gbogbo èyí tó sún mọ́ ihò ló jẹ́ kó gbá. Mo rí i pé inú ẹ̀gbọ́n mi ń dùn. Nígbà tí wọ́n dé ihò tó kẹ́yìn, ọgbọọgba ni wọ́n wà.

Wattie fi ìgbá márùn-ún wọ ihò yẹn. Eck ti gbá mẹ́ta, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì jìnnà sí ihò ju gígùn apá lọ. Tó bá wọlé, ife di tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ọwọ́ kò rọlẹ̀. Ó nàró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wá ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orí igi ń jó lórí koríko. Mo wo ọkọ mi, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà.

"Gbé e, Eck," ló wí. "Tìẹ ni."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Eck ò gbórí sókè.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní tìẹ ni. O ti borí."

"Mi ò gbà."

Ọ̀gbẹ́ni Lumsdaine, akọ̀wé ẹgbẹ́, sún mọ́ wọn. "Eck, kò sí pé ẹ ò gbà níbẹ̀. Òfin ni. Ẹ̀yin lẹ borí."

"Ẹ ní kó kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ."

"Òun náà ò lè kó o jẹ mọ́."

Ni Eck bá bẹ̀rẹ̀, ó sì gbá a. Bọ́ọ̀lù náà gba etí ihò kọjá, ó dúró. Kò yí nǹkan kan padà, òun ṣì ni olúborí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la rí i. Ó ṣí fìlà, ó bọ Wattie lọ́wọ́ bí àṣà wa, ó ní, "O ò fún pásítọ̀. O ò fún ọmọ tó o bí. Èmi lo wá fún."

Nígbà tí a délé, mo bá a jà.

"Bàbá Ishbel, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

"Mi ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀."

"Ohun tó bẹ̀ yín náà nìyẹn! Pé kẹ́ ẹ wò ó."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àánú ló ṣe é, mo mọ̀, inú sì ń bí mi sí i dòní olónìí.

Wọ́n kọ orúkọ Eck sára ife. Kò wá gbé e. Kò wá sílé wa mọ́ pẹ̀lú. Wattie ń gbé ẹja lọ fún un ní gbogbo ìgbà òtútù, Mina, ìyàwó Eck, ni yóò gbà á lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní ọ̀gá ń sùn. Ọkọ mi á padà, á ní atẹ́gùn ló ń mú ojú òun ṣomi. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú Eck ni Mina ránṣẹ́ pè wá. Ó ní Eck ti kọ oúnjẹ lọ́wọ́ òun àti nọ́ọ̀sì, Eck ní wọn ò ní fi ṣíbí bọ́ òun bí ọmọ ọwọ́. Mo se ọbẹ̀ ẹja àti ọ̀dùnkún tó fẹ́ràn, a gbé e lọ. Ó ti rù kan egungun. Wattie jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó bu ọbẹ̀, ó ń gbé ṣíbí lọ sí ẹnu rẹ̀. Eck pa ẹnu dé. Wattie wá fi ṣíbí náà sínú ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, ó sì fi í sílẹ̀.

Ọbẹ̀ ti dà tán sórí aṣọ ìbora kí ṣíbí tó dé ètè. Mo dìde láti lọ ràn án lọ́wọ́, Mina dì mí mú. Eck ń wo Wattie.

"Kò wọlé," ni Wattie wí. "Tún un gbá."

Eck rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn nínú. Ó tún bù ú. Ìyẹn náà dà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, díẹ̀ kan ahọ́n rẹ̀, ìyókù gba àgbọ̀n rẹ̀ ṣàn sílẹ̀.

"Ìyẹn ńkọ́?" ni Eck bi í. "Ṣé wàá fún mi?"

"Rárá," ni Wattie wí. "Mi ò fún ẹ."

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì tún na ọwọ́ sí abọ́. Ọbẹ̀ ti tutù. Wattie ń sunkún, kò nu ojú, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀.