Ìkóríta tí ọlọ́pàá ò gbọ́ nípa ẹ̀

Kẹ̀kẹ́ gbá màmá mi láàárọ̀ yìí, ní ìkóríta ilé búrẹ́dì l'Ágége.

Nọ́ọ̀sì ọsibítù tí a gbé wọn lọ wo ẹsẹ̀ wọn, ó ní, "Ìkóríta ilé búrẹ́dì, àbí? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé àwọn tí ọkọ̀ gbá wá ṣáá."

Mo sọdá sí àgọ́ ọlọ́pàá tó kọjú sí ọsibítù náà. Ọlọ́pàá ní, "A ò gbọ́ pé ọkọ̀ gbá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí."

Títì kan ṣoṣo ló wà láàárín ọsibítù àti àgọ́ ọlọ́pàá o.

Mo fi ìbínú padà lọ sọ́dọ̀ màmá mi, mo ní ká lọ fẹjọ́ sùn.

Wọ́n ní, "Fi í lẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti bá ọmọ tó wa kẹ̀kẹ́ yẹn bẹ̀ mí. Mo ti ṣèlérí pé ọlọ́pàá ò ní gbọ́."

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ ti gbá níbẹ̀ ṣáájú màmá mi, ṣé wọ́n bẹ ẹ̀yin náà ni?