Ẹni Tó Ń Dúró fún Mi Nídìí Ààrò

Bàbá Gàníyù, tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ wa, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Mo fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí. Ẹ gbà mí gbọ́, ta ni yóò pa irọ́ tó máa dójú ti òun fúnra rẹ̀?

Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ni, lápá Ọgbà. Iná ààrò kì í kú níbẹ̀, ìbáà ṣe Jímọ̀, ìbáà ṣe Sọ́ńdè. Èmi àti Alfa Súlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, la jọ ń dúró tì í. Aládùúrà ni mí, nítorí náà ó máa ń pè mí ní Wòlíì. Èmi náà á pè é ní Lèmọ́mù. Bó bá di Jímọ̀, màá dúró fún un kó lọ kírun. Bó bá di Sọ́ńdè, á dúró fún mi kí n wọ sùtánà mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ìgbà tí ìbò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń bọ̀ ni nǹkan dàrú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fa ẹni tiwọn kalẹ̀, àwọn ará mọ́ṣáláṣí fa tiwọn. Máníjà tuntun, tí òun náà jẹ́ pásítọ̀, ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ààrò sílẹ̀ ní Jímọ̀ mọ́, àti pé ẹni tó bá dúró fún àwọn tó ń lọ kírun ti di ọ̀kan lára wọn. Ti Sọ́ńdè ńkọ́? Kò fọwọ́ kàn án.

Alfa Súlé ṣì ń dúró fún mi, èmi ò lè dúró fún un mọ́. Wọ́n ti ṣèlérí ipò alábòójútó fún mi. Mo panu mọ́.

Ibà gbé Alfa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n sin ín ní Ìfàkọ̀ lọ́jọ́ tó kú gan-an.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò wá. Èmi ò mọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà. Ní Mọ́ńdè, Bàbá Gàníyù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní àwọn rí Alfa Súlé nídìí ààrò, àti pé ẹyọ bísíkíìtì kan ò jóná. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n padà sídìí géètì wọn.

Ọ̀sán Jímọ̀ lèmi náà rí i. Ọ̀sán gangan o, oòrùn ń ta sórí páànù, ìpè ìrun ń dún láti òdìkejì títì. Délé, tó jẹ́ ojú Máníjà láàárín wa, dúró nítòsí. Òtútù kan fẹ́ sí mi lẹ́yìn ọrùn. Nídìí ààrò, ẹ rò ó wò.

Mo bojú wẹ̀yìn. Alfa Súlé ni. Ó ti ká ṣòkòtò sókè, omi àlùwàlá ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó rọra sọ ọ́, bíi ti tẹ́lẹ̀:

"Wòlíì, àkókò ti tó. Bá mi dúró tì í, kí n lọ kírun kí n máa bọ̀."

Délé ní, "Ta lẹ̀ ń wò?"

Ipò yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan."

Alfa gbọ́ ọ. Kò bínú, ìbá sàn kó bínú. Ó na ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a jọ ń wo iná títí wọ́n fi kírun tán. N ò mọ ìgbà tó lọ. Délé ló yọ̀ ṣubú níbẹ̀, tó ń bèèrè ẹni tó da omi sílẹ̀.

Ẹni tiwa ló wọlé ìbò. Èmi ni alábòójútó báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá ti wọ sùtánà mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ojú a máa tì mí láti kúnlẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé Alfa ló ṣì ń dúró fún mi. Bàbá Gàníyù kì í sọ ẹni tó wà nídìí ààrò fún mi mọ́, èmi náà ò sì láyà láti bi wọ́n.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń dúró fún yín kú kí ẹ tó dúró fún un. Jímọ̀ mìíràn ló ń bọ̀ yìí. Bí Alfa bá tún dé, tí Délé sì wà níbẹ̀, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ?