Ìbúra Hamo Lórí Ṣọ́ọ̀ṣì Scarthwell

Nígbà tí fada àgbà kú ní abúlé Scarthwell, Hamo nìkan ló kù láàyè tó mọ ẹni tó yan fada náà sípò. Òun ló fa okùn agogo lọ́jọ́ náà, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù. Ó rí bàbá Olóyè Warin kedere, tó di fada lọ́wọ́ mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti fi í sípò.

Òfin wọn sì le bí ojú ẹja: ìdílé tó yan fada àná ni yóò yan tòní. Wọ́n ń jogún ẹ̀tọ́ yìí bí ẹní ń jogún màlúù. Olóyè Warin ní tòun ni. Ìyáàfin Idonea, opó tó ni oko etídò, ní irọ́ ni, tòun ni. Ẹni tí Warin fẹ́ gbé síbẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń jayé ní Párísì, tí yóò máa kó ìdámẹ́wàá ọkà wọn láì fẹsẹ̀ tẹ abúlé. Ẹni tí Idonea fẹ́ ni Wulstan, tó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ fada àgbà.

Lọ́dún tí ibà ń pa wọ́n bí eṣinṣin, tí ọmọ ń sá fún ìyá, Wulstan ló ń wọlé tọ aláìsàn. Òun ló wẹ òkú ìyàwó Hamo, òun náà ló gbẹ́lẹ̀ tó sin ín. Ta ni yóò fi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ ọ̀kánjúwà tí kò mojú wọn?

Adájọ́ ọba dé láti parí ìjà náà. Wọ́n ṣa ọkùnrin méjìlá ní àdúgbò pé kí wọ́n búra, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Gbogbo wọn kọjú sí Hamo.

“Ìwọ lo wà níbẹ̀ o,” Gamel, aládùúgbò rẹ̀, wí. “Ohun tó o bá sọ la máa sọ.”

“Tí mi ò bá rántí ńkọ́?”

“Ìwọ tó o ṣì ń rántí ewúrẹ́ tí bàbá mi jí! Má fi wá ṣeré.”

Hamo gbọ́wọ́ lé Ìwé Mímọ́. “Bàbá Ìyáàfin Idonea ló yàn án,” ó ní.

Báyìí ni Wulstan ṣe di fada Scarthwell. Inú abúlé dùn, àfi ti Hamo. Lọ́dọọdún, ní àkókò Lẹ́ńtì, dandan ni kí olúkúlùkù jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún fada ìjọ tirẹ̀. Hamo sì mọ Wulstan. Bó bá gbọ́ pé ìbúra èké ló gbé òun dépò, kò ní sun ibẹ̀ mọ́jú, ọmọ Párísì yóò sì wọlé. Nítorí náà, ó jẹ́wọ́ ọtí, ó jẹ́wọ́ ìbínú, ó gbé èyí tó kù mì. Ó tọ fada abúlé kejì lọ.

“Bàbá, ẹ kì í ṣe àgùntàn mi,” ìyẹn dá a lóhùn. “Fada yín ni kẹ́ ẹ lọ bá. Àbí ẹ̀ṣẹ̀ yín ti tóbi ju Scarthwell lọ ni?”

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Ti Hamo ò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ń kan ilẹ̀kùn lọ́dọọdún, Hamo ni kò ṣí i.

Àìsàn àyà ló dá a dùbúlẹ̀ nígbẹ̀yìn. Wulstan gbé òróró mímọ́ wá nínú yìnyín, láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ìkẹyìn. Ọmọbìnrin Gamel dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ tuntun pọ̀n, ó ń dúró de ìrìbọmi.

“Bàbá Hamo, ẹ tún rò ó wò,” Wulstan bẹ̀ ẹ́. “Ṣé kò sí nǹkan kan tó kù?”

Hamo wo ọmọ náà. Ó wo ọwọ́ Wulstan tí òtútù ti bó.

“Kò sí, Fada. Ẹ lọ ṣèrìbọmi fọ́mọ yẹn, òtútù ń mú un.”

Wulstan fi òróró kàn án níwájú orí. Ó yíjú sáwọn ará ilé, ó ní, “Ká ní gbogbo yín rí bíi bàbá yìí ni, iṣẹ́ mi ì bá rọrùn.”

Hamo gbọ́ ọ. Ó kọjú sí ògiri, ẹ̀rù iná ọ̀run àpáàdì sì ń bà á títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.