Ẹran Iléyá Tí Mo Gbé Lọ sí Caldwell

Ìyá mi ló ní kí n lọ lo họlidé gígùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Monrovia. Mo ti ṣe ọdún kejì ní yunifásítì nígbà náà, mo sì rò pé mo ti gbọ́n tán. Màámi ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, bí mo ṣe ń pe ìyá tó bí mi. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà ní Vai Town, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé bí inú bá ń bí wọn, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Làìbéríà ni wọ́n fi ń jà. Òjò ò fi wá lọ́rùn sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí mo lò níbẹ̀. Síbẹ̀ mo gbádùn ara mi, àfi ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n padà sílé, tí gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ háátímáànù.

Háátímáànù ni wọ́n ń pe àwọn tó ń pa ènìyàn, tí wọ́n ń yọ ọkàn rẹ̀ tà fún àwọn tó fẹ́ fi ṣoògùn agbára. Ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ tiwa náà ni, ṣùgbọ́n tiwọn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọmọdébìnrin kan ti sọnù lọ́nà Caldwell. Ẹlòmíràn ní ọmọkùnrin ni. Kò sẹ́ni tó fojú ara rẹ̀ rí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n ẹnì kan ló sáà máa ń rí i. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti ń pe ọmọ wọlé kí oòrùn tó wọ̀, awakọ̀ takisí kì í sì í gbé ọkùnrin tó bá dá dúró mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Èmi ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Màámi ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Ó ní, "Àlejò lójú, kò fi ríran. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹrù ẹ̀bi lé lórí, ṣé ọmọ bíbí ìlú ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Iléyá bọ́ sí. Onílé ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ nínú gọ́tà òun mọ́, nítorí náà Gardnersville, nílé ọ̀rẹ́ wọn kan, ni ọkọ Màámi ti lọ pa àgbò tiwa. Ẹran tí wọ́n ti gé nìkan ló fi ránṣẹ́ sí wa nínú bàsíà, òun alára dúró sọ́hùn-ún kó lè bá wọn pín ti àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Màámi pín ẹran yí àdúgbò ká, àti Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ó wá ku ti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó wà ní Caldwell. Bàbá arúgbó ni, eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, kò lè bá eegun fà á mọ́. Ẹ̀dọ̀ àti ọkàn àgbò ni wọ́n máa ń gbé fún un, wọn á gé e wẹ́wẹ́ sè é fún un.

Èmi ni wọ́n rán. Màámi ní tí n bá gbé ẹran sínú abọ́, àwọn ṣọ́jà tó wà lójú ọ̀nà á bù ú jẹ tán kí n tó débẹ̀. Ó fi ọ̀rá wé e, ó tì í bọ inú báàgì ìwé mi, ó sì fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó lórí. Ọgbọ́n rèé o. Mo gbé e kọ́ èjìká, mo bá tèmi lọ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Mẹ́rin la há síra wa lẹ́yìn takisí náà. Mo gbé báàgì lé itan, obìnrin kan tó ró aṣọ funfun jókòó tì mí. A ti kọjá ọjà Duala, a ti ń sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yà sí Caldwell, nígbà tí obìnrin yìí fọwọ́ kan itan rẹ̀. Ọwọ́ náà pupa nígbà tó gbé e sókè. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo báàgì, ó wá wo ojú mi.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹran ni, mà."

"Ẹran wo?"

Tí n bá ní orí pípé, àgbò ni ǹ bá sọ, ǹ bá sì dákẹ́. Ẹ̀rù ti bà mí, ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí wọn ò bi í. Mo ní ọkàn ni, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀, pé bàbá àgbà kan ni mo ń gbé e lọ fún, òun ló máa ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹnu òfòrò níí pa òfòrò. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, obìnrin náà sì figbe ta.

Mi ò mọ ibi tí àwọn ènìyàn ti jáde wá. Ẹnì kan di ẹ̀wù mi mú, wọ́n wọ́ mi jáde, sálúbàtà mi méjèèjì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹnì kan gbá mi létí. Wọ́n dojú báàgì délẹ̀, ọkàn àgbò náà sì yí lọ sórí ọ̀dà. Gbogbo wọn ta sẹ́yìn. Mo ń pariwo pé àgbò ni, àgbò ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì mi ò jọ tiwọn, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n túbọ̀ ń gbọ́ pé àlejò ni mí. Mo rí ọkùnrin kan tó ń gbé òkúta. Mo tọ̀ sára, mi ò ní í purọ́.

Ṣọ́jà kan ló rìn wá láti ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró. Ọjọ́ yẹn nìkan ni inú mi dùn láyé mi pé mo rí ṣọ́jà. Ó ní níbo ni mò ń gbé, mo ní Vai Town. Ó ní kí wọ́n kó ẹran náà padà sínú báàgì, ó tì mí padà sínú takisí pẹ̀lú obìnrin yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, òun jókòó síwájú. Nígbà tí mọ́tò gbéra, ó yíjú sí mi. "Tí mi ò bá rí àgbò níbẹ̀, màá fi ọ́ sílẹ̀ fún wọn."

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé orí àgbò wà ní Gardnersville. Awọ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Obìnrin náà yọrí sí ojú fèrèsé, ó ń pe gbogbo ẹni tó ń kọjá wá wò mí, nígbà tí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà Màámi, èrò ti tẹ̀lé wa lẹ́yìn.

Màámi jáde, ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò sí bàtà níbẹ̀, ó wo ṣọ́jà. Ó ṣàlàyé. Ṣọ́jà gbọ́ ọ tán.

"Orí àgbò dà?"

"Ó wà ní Gardnersville."

"Awọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Gardnersville."

"Ọkọ rẹ dà?"

Màámi ò tiẹ̀ lè pe orúkọ ìlú yẹn mọ́. Ó sáré gbé bàsíà jáde, ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n ti gé kò níwo. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo wo ojú àwọn aládùúgbò wa, àwọn tó gba ẹran lọ́wọ́ wa láàárọ̀, tí wọ́n ń kí wa kú ọdún. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní òun mọ̀ wá. Ṣọ́jà tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápá mi, mo sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Óòmà ló jáde, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Opó ni, ògiri kan ló la àwa àti òun láàárín, kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ìkòkò dání. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Màámi níwájú gbogbo wọn, ó ṣí ìdérí, ó mú ẹran kan, ó fi sẹ́nu. Ó rún un. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì. Ó mú òmíràn.

"Ẹran tí wọ́n fún mi láàárọ̀ rèé," ló wí. "Tó bá jẹ́ ti ènìyàn, èmi náà ti jẹ ènìyàn. Ẹ mú mi mọ́ ọn."

Ó na ìkòkò sí ṣọ́jà. Ọ̀gbẹ́ni náà gbóòórùn rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àgbò ni, pé ó tiẹ̀ le. Ó lé gbogbo wọn lọ. Obìnrin aláṣọ funfun ò lọ o, àfi ìgbà tí Màámi fi abọ́ tánganran bẹ̀ ẹ́ nítorí aṣọ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ Màámi dé, ó gbé orí àgbò sórí tìwotìwo, ó ń kọrin bọ̀. Màámi wo orí náà, ó bú sẹ́kún. Mi ò rí i kó sunkún rí.

Ọjọ́ tí mo ń lọ, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Óòmà. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Mo ní orí ló bá mi ṣe é tí Óòmà ti jẹ nínú rẹ̀ láàárọ̀, tó ti mọ̀ pé àgbò ni.

Ó ń ṣa ewé lórí àtẹ, kò gbójú sókè. "Mi ò jẹ nínú rẹ̀ láàárọ̀. Mo sè é, mo bò ó. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nígboro, mi ò lè fi sẹ́nu."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ ẹ́ nígbà náà.

"Ṣé kí n jókòó sínú ilé, kí n máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ọ́?" Ó da ewé sínú abọ́. "Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n gbé orí àgbò yẹn dé, ni mo tó mọ ohun tí mo jẹ."